Bí Tíṣà Ò Bá Lọ Yẹ Ara Wọn Wò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rùkáyàt ti jókòó ìdánwò èdè Òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì fìdí rẹmi. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Ígbó-Ọrà. Kí àwọn aláboyún tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, á ti fọ ilẹ̀ tán, á ti kó owú àti abẹ́rẹ́ àná dànù, á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á máa wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń we aṣọ bípì, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mọ́ aláìsàn lápá. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kí òun náà di ẹni tí wọ́n ń rán lọ sí abà láti lọ tọ́jú àwọn arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìlera kì í gba ẹni tí kò bá yege nínú èdè Òyìnbó, Rùkáyàt sì ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀ láìparí nígbà tó lóyún Àmírà. Àmírà ọ̀hún ti di ọmọge báyìí, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ìdèrè lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀.

Hàkímù, ọkọ rẹ̀, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Igangan, tí kì í wálé àfi Jímọ̀, kò bá a jà sí i. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì tó tún fẹ́ padà sídìí ABD. Kí Ọlọ́run bá wa ṣe é."

Nọ́ọ̀sì Rosaline, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló júwe Tíṣà Adérógbà fún un.

Ará Èkìtì ni Tíṣà. Ìjọba ló gbé wọn wá sí Ìbàràpá láti wá kọ́ni ní girama nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú, wọn ò sì padà lọ mọ́. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Abọ́sẹ̀dé, ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Ọdún méje ti kọjá tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Àtàlátà àti Àlàmísì, bí aago mẹ́rin bá ti lù nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Pákò, wọ́n á nu pátákó, wọ́n á sì máa kọ́ àwọn àgbàlagbà tí ìdánwò ti gbé ṣubú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ lọ́dún tí Rùkáyàt dara pọ̀ mọ́ wọn. Láwàl ọlọ́kadà ló máa ń jókòó níwájú pátápátá, òun náà ló sì máa ń ṣì í sọ jù.

Tíṣà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lé iṣẹ́ ìlera, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan. Nígbà tí wọ́n dé orí gbólóhùn kání, wọ́n kọ ọ́ sí pátákó gàdàgbà: "If you eat too much salt, your blood pressure will rise."

"Bí o bá jẹ iyọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ yóò ru," ni Tíṣà túmọ̀ rẹ̀. "Ìsọ̀rí kìíní nìyí. Kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni ti ohun tí a kàn ń fọkàn rò, bí ẹni ń wí pé bí mo bá jẹ́ ẹyẹ, ǹ bá fò. Ìsọ̀rí kẹta ni ti ohun tó ti kọjá, tí kò ṣeé tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó yá, kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn kan ní ìsọ̀rí kìíní."

Láwàl ló kọ́kọ́ dìde. "If you drink paraga every morning, your liver will pack its load."

Kíláàsì pariwo. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn kúrò, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ní, "Láwàl, ẹ̀dọ̀ kì í kẹ́rù. Jókòó."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Rùkáyàt á máa ka gbólóhùn náà lábẹ́nu bó bá ń nu fèrèsé níbi iṣẹ́. Bí o bá fọ ọwọ́. Bí o bá ń sùn dáadáa. Bí ìyá bá fún ọmọ lọ́mú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, èdè Òyìnbó dà bí ohun tí èèyàn lè mú lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ti gbálẹ̀ ilé ìwòsàn fún ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ojú lásán. Rùkáyàt rí i pé ẹsẹ̀ Tíṣà ń wú. Okùn sálúbàtà wọn á fa ilà sí i, ilà náà á sì jìn bí ọrùn àpò tí wọ́n fokùn so. Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n á dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣe bí ẹni ń ka àwọn ọmọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ èémí ni wọ́n ń wá. Wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìpàkọ́. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wo ọwọ́ náà bíi pé ọwọ́ àlejò ni, wọ́n sì fi tòsì mú ṣọ́ọ̀kì.

Rùkáyàt sọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì Rosaline láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Kí wọ́n yọjú síbí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. A ó we aṣọ mọ́ wọn lápá, a ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Sọ fún wọn."

"Èmi kẹ̀, Mà?"

"Ìwọ ni. Ṣé o fẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera àbí o ò fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ò rọrùn báyẹn. Ká ní bàbá Rùkáyàt ṣì wà láyé, Tíṣà ni ì bá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé òun tí kò tíì lè sọ gbólóhùn Òyìnbó mẹ́wàá kó má ṣìnà ni yóò lọ dúró níwájú ẹni tó ń kọ́ ọ nípa ìlera, kó ní ara yín ò yá? Ọmọ Ìdèrè tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í wo àgbà lójú sọ pé ó ń ṣàìsàn. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bá Tíṣà kó ìwé délé, ó ní, "Ẹ máa sinmi díẹ̀ o, sà. Iṣẹ́ kì í tán."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Màmá Àmírà, mo ti sinmi fún ọdún méje. Ó ku díẹ̀ kí egungun mi dógùn-ún."

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Tíṣà fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá. Gbólóhùn kání márùn-ún, ìsọ̀rí kìíní, lórí ìlera. Rùkáyàt jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́yìn ìrun àsárì, ó gbé ìwé lé orí àpótí, ó kọ mẹ́rin láìfi àkókò ṣòfò. Ọwọ́ fífọ̀, omi mímu, ẹ̀fọ́ jíjẹ, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bíi pé ẹlòmíràn ló dì í mú: "If Teacher does not check his blood pressure, he will fall down."

Ó kà á. Nínú èdè Òyìnbó, kò sí "wọ́n" fún àgbà kan ṣoṣo. Àti ẹni tó bí bàbá ẹni, àti ọmọ tí wọ́n bí lánàá, "he" kan náà ni. Ohun tí kò lè sọ ní Yorùbá nítorí ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀, ó wà níbẹ̀ ní gbangba, ó sì dà bíi pé ó pe Tíṣà lórúkọ láàárín ọjà. Ó di etí ojú ewé náà mú láti ya á. Kò ya á. Bí ó bá ya á, ó mọ̀ pé òun ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Lọ́jọ́ Àtàlátà ó ti ìwé náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín ìwé àwọn yòókù, ó fi í sílẹ̀ fún Tíṣà.

Ní Àlàmísì, Tíṣà dá ìwé padà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Rùkáyàt, wọ́n dúró.

"Màmá Àmírà," ni wọ́n wí létí gbogbo kíláàsì, "gbólóhùn rẹ karùn-ún dára. Àtòpọ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n 'will' yẹn ti le jù. O kì í ṣe Ọlọ́run. 'May' ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé yóò ṣubú, ó lè ṣubú ni."

"Ẹ ṣé, sà," ni Rùkáyàt wí, kò gbójú sókè.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó ṣí ìwé náà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé "will", wọ́n kọ "may" sórí rẹ̀, wọ́n sì fàmì rere gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn náà. Márùn-ún nínú márùn-ún.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Tíṣà ń ti fèrèsé, wọn ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rí ohun tí o kọ. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ọ̀nà yìí ni ìyá mi gbà kú, ọ̀nà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi gbà. Bí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn báyìí, wọ́n á ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Ìdánwò yín ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ta ni yóò kọ́ yín ní ìsọ̀rí kẹta? Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, màá lọ. Mo ṣèlérí."

Ọ̀rọ̀ wà ní ọ̀nà ọ̀fun Rùkáyàt. Pé ilé ìwòsàn ò jìnnà, sà. Pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Pé kí àwọn jọ lọ láàárọ̀ ọ̀la, òun á wá mú wọn. Ó gbé e mì. Ó rò ó pé òun ti sọ tòun, wọ́n sì ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàárọ̀.

Ní Àtàlátà tó tẹ̀lé e, aago mẹ́rin lù, Tíṣà ò dé. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnì kan ní bóyá wọ́n lọ gba owó ìfẹ̀yìntì l'Érúwà. Láwàl bá dìde, ó lọ síwájú pátákó, ó gbé ìpéǹpéjú sókè bíi Tíṣà, ó ń rìn bíi Tíṣà, ó ní, "Ẹ̀dọ̀ kì í kẹ́rù! Jókòó!" Rùkáyàt rẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Wọ́n ṣeré títí aago márùn-ún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ tó wú yẹn sọ sí i lọ́kàn. Ó ní kí Láwàl gbé òun lọ sílé Tíṣà.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó kí mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé.

Tíṣà wà nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì, wọ́n ti di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, ìkejì wà lọ́wọ́ òsì. Ojú wọn là sílẹ̀. Ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ sì ń ṣàn lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sórí símẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n rí Rùkáyàt, ohùn kan jáde lọ́fun wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé wọn dé ilé ìwòsàn, Rùkáyàt ò lè sọ ọ́ dáadáa títí dòní. Ó rántí pé òun ló jókòó sẹ́yìn wọn lórí ọ̀kadà Láwàl, tí òun di àyà wọn mú, tí orí wọn ń gbá òun léjìká. Nọ́ọ̀sì Rosaline we aṣọ mọ́ wọn lápá, ó wo nọ́ńbà tó yọ, ó tú u, ó tún un wé, ó tún wò ó. Kò kà á síta.

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà nílẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ wákàtí kan, Mà. Ó lè jù bẹ́ẹ̀."

"Wákàtí kan pọ̀ fún ọpọlọ," ni Nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, ó sì sáré lọ pe ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Rùkáyàt wọ bọ́ọ̀sì lọ wò wọ́n. Níbi bẹ́ǹṣì tó wà níta wọ́ọ̀dù ló ti bá Abọ́sẹ̀dé, tó ti wá láti Àbújá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, iwájú orí rẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Rùkáyàt kí i, ó sọ ẹni tí òun jẹ́.

"Rọpárọsẹ̀ ni," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Apá ọ̀tún ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣé kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan ni? Àbí ẹsẹ̀ tó wú báyẹn, kò sẹ́ni tó rí i?"

Rùkáyàt ṣí báàgì. Láti Àlàmísì yẹn, ìwé náà ò tíì kúrò níbẹ̀. Ó ṣí i síbi tí gbólóhùn karùn-ún wà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Abọ́sẹ̀dé kà á. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi bírò pupa kọ. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti le.

"Inú ìwé lẹ kọ ọ́ sí," ló wí. "Màmá Àmírà, ẹ lẹ́nu. Inú ìwé lẹ kọ ọ́ sí."

Ó dá ìwé padà fún un, ó sì wọ wọ́ọ̀dù lọ.

Bọ́ọ̀sì ti kọjá Èrúwà nígbà tí obìnrin tó jókòó ti Rùkáyàt fọwọ́ kàn án, tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé òfò ṣẹ̀ yín ni?" Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé iwájú hìjáàbù òun ti rin gbìndìn.

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé lé òun sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé Tíṣà wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀ bó bá ti ṣíwọ́. Á fọ aṣọ, á bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà kí ara wọn má bàa dégbò, á máa na ìka ọwọ́ tó ti kú náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí Nọ́ọ̀sì Rosaline ṣe kọ́ ọ. Abọ́sẹ̀dé á kí i, á fún un lómi, kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu Tíṣà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà bó ṣe lọ. Èdè Òyìnbó ò padà rárá. Yorùbá tí wọ́n fi ń bá ará Ìgbó-Ọrà sọ̀rọ̀ láti ogójì ọdún, òun náà ò padà. Èdè Èkìtì tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà nìkan ló kù, ìyẹn náà sì ń jáde ní gígékúgèé. Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀, tó jẹ́ Ìgbó-Ọrà ni wọ́n bí i sí, ìlàjì rẹ̀ ló ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni Tíṣà ń sọ jù. "Ulé." Wọ́n á sọ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á sọ ọ́ nírọ̀lẹ́.

"Kí ni wọ́n ń fẹ́?" ni Rùkáyàt bèèrè.

"Ilé ni wọ́n ń wí," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Mo ní ilé nìyí, Bàbá. Wọ́n ní rárá."

Lọ́jọ́ kan Rùkáyàt rò pé òun á ṣe ohun tí yóò mú inú wọn dùn. Ó gbé ìwé gírámà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn wá, ó ṣí i síwájú wọn síbi gbólóhùn kání. Tíṣà wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣí ojú ewé kan, wọ́n ṣí òmíràn. Wọ́n ń wá nǹkan kan níbẹ̀ bí ẹni ń wá ojú ẹni tó mọ̀ láàárín èrò. Nígbà tó yá wọ́n ti ìwé náà kúrò níwájú, wọ́n kọjú sí ògiri, èjìká wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Rùkáyàt gbé ìwé náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Abọ́sẹ̀dé tẹ̀lé e jáde. Wọ́n jókòó sórí pèpéle.

"Ibo lẹ bá a dé nínú rẹ̀?" ni Abọ́sẹ̀dé bèèrè.

"Ó ku ìsọ̀rí kẹta, Àǹtí. Wọn ò tíì kọ́ wa."

Abọ́sẹ̀dé gba ìwé náà. "Kò le. Ti ohun tó ti kọjá ni. Ká ní mo ti ṣe báyìí, ǹ bá ti rí báyìí. 'If I had', lẹ́yìn náà 'I would have'. Ẹ sọ kan."

Rùkáyàt wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "If I had opened my mouth, Teacher would have gone to hospital."

Abọ́sẹ̀dé ò sọ pé ó tọ̀nà, kò sì sọ pé kò tọ̀nà. Ó ń wo ojú títì. Nígbà tó yá, òun náà sọ tirẹ̀, "If I had come home at Christmas, I would have seen his legs." Lẹ́yìn náà ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Sọ́ńdè Sọ́ńdè ni mò ń pè wọ́n. Láti oṣù kejì ni ohùn wọn ti ń fà lórí fóònù, bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo gbọ́ ọ, Màmá Àmírà. Etí mi gbọ́ ọ. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni."

Rùkáyàt na ọwọ́, ó di tirẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ n'Íbàdàn," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

"Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ni ín."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti tọ́jú Tíṣà tán, Abọ́sẹ̀dé á jókòó kọ́ ọ ní wákàtí kan. Ó kọ́ ọ dáadáa, ó sì le ju bàbá rẹ̀ lọ. Láwàl àti àwọn méjì míì wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn yòókù ò wá mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé pinnu láti gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé wọn l'Ékìtì, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. "Ilé tí wọ́n ń wí nìyẹn," ló wí. "Ó ti yé mi." Wọ́n gbé Tíṣà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rùkáyàt kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Tíṣà wò ó pẹ́. Wọ́n sọ nǹkan kan, kò gbọ́ ọ. Wọ́n tún un sọ.

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn létí. "Wọ́n ń bi yín bóyá ẹ ti jẹun," ló wí.

"Mo ti jẹun, sà," ni Rùkáyàt dáhùn. Kò tíì jẹun.

Ní Àtíìní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, Abọ́sẹ̀dé pè. Tíṣà ti kú ní ìdájí Sọ́ńdè, lójú oorun, nínú yàrá tí wọ́n bí wọn sí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìnkú. Jímọ̀ náà ni ìdánwò èdè Òyìnbó.

"Ẹ má wá o," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá wá, kí ni wọ́n wá kú lé lórí?"

Hàkímù ti abà wálé lọ́jọ́ Àlàmísì, kò dúró de Jímọ̀. Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó jókòó tì í. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ ABD lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ ká lọ, àá lọ. Màá wá ọkọ̀." Rùkáyàt mi orí. Ó mọ ohun tó yẹ, síbẹ̀ ó dùn ún bíi pé wọ́n ní kó fi òkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn sin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàkímù gbé e lọ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, ó sì dúró síta lábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi jáde.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni èsì jáde. Nọ́ọ̀sì Rosaline ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ó pariwo débi pé àwọn aláboyún dìde lórí bẹ́ǹṣì. Rùkáyàt ti gba kírẹ́díìtì. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n bá a yọ̀, ẹnì kan lọ ra mínírà tútù. Ó rẹ́rìn-ín fún gbogbo wọn. Nígbà tó ṣíwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ọ̀nà ilé. Ọ̀nà Pákò ló gbà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé Tíṣà kó tó rí aṣọ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n sá sórí okùn.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ta lẹ ń wá?"

"Mo fẹ́ wá sọ fún Tíṣà pé mo yege." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí.

"Tíṣà wo? Ó lé lóṣù kan tá a ti ń gbé ibí. A ò bá Tíṣà kankan."

Rùkáyàt dúró síbẹ̀. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé àpótí jáde fún un, ó bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Rùkáyàt jókòó. Ó mu omi náà tán.

"Adérógbà lorúkọ wọn," ló wí. "Ará Èkìtì ni wọ́n."